Kọ́sítọ́mà ti pinnu kó tó jáde nílé: bí oníṣòwò Ìlẹ̀ṣà ṣe lè fi fóònù tajà lásìkò yìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà ní Ìlẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ á wọ Ọjà Àtàkúnmọ́sà, á rìn yíká, á fọwọ́ kan ti lágbájá, á yẹ ti tàmẹ̀dù wò, ibẹ̀ lá ti ná an, ibẹ̀ náà lá ti pinnu. Ní báyìí, orí ibùsùn ló ti ń pinnu. Ó ti rí àwọ̀ tó wù ú lórí TikTok, ó ti béèrè iye ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta lórí WhatsApp, ó ti mọ ẹni tó tètè dá a lóhùn àti ẹni tó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ tí ò sọ nǹkan kan, nígbà tó bá fi máa dé Ẹ̀rẹ́jà, owó ló kù tó fẹ́ san. Torí náà nígbà tó ṣì wà nílé yẹn lẹ ti gbọ́dọ̀ wà lójú ẹ̀, ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà, lẹ́yìn ẹ̀ ni fóònù tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì tí owó ẹ̀ ò wọ́n jù kún ìgboro, oṣù kìíní 2018 ni WhatsApp Business jáde. Àmọ́ lójú tèmi, ohun tó tì wá wọ inú ẹ̀ pátápátá ni ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà tówó wá di ọ̀wọ́n gógó, tí àwọn èèyàn ń tò síwájú báńkì láti òwúrọ̀ kùtù nítorí owó tí ò tó nǹkan. Àsìkò yẹn ni alátá, ẹlẹ́wà, ọlọ́kadà, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí. Owó padà dé sígboro, àmọ́ àṣà yẹn ò lọ mọ́. Ẹni tó ti mọ̀ pé òun lè rajà láìmú kọ́bọ̀ dání, tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé owó ọwọ́ nìkan lẹ̀ ń gbà, ṣọ́ọ̀bù kejì ló máa yà sí.

Ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó yìí. Ẹni tó bá sáré lọ sanwó ìpolówó kó tó ṣe àwọn tó ṣáájú, àlejò ló ń pè wá sílé tí ò sí àga.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya nọ́ńbà ìtajà sọ́tọ̀

Ẹ má fi nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ tajà. Ẹ ra síìmù míì, ẹ gbé WhatsApp Business lé e, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè wà lórí fóònù kan náà pẹ̀lú WhatsApp tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ tí nọ́ńbà wọn bá ti yàtọ̀. Ẹ kọ orúkọ ìtajà pọ̀ mọ́ ohun tẹ́ ẹ ń tà, ẹ kọ àsìkò tẹ́ ẹ ń ṣí àti ìgbà tẹ́ ẹ ń tì, ẹ wá kọ àdírẹ́sì bí a ṣe ń júwe ọ̀nà fúnra wa níbí. Nọ́ńbà ilé ò lè ran ẹni tó ń bọ̀ láti Òṣogbo lọ́wọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní "ẹ̀gbẹ́ ilé epo, ilé alájà tí géètì ẹ̀ jẹ́ búlúù", ó ti dé nìyẹn. Fọ́tò ojú yín ni kẹ́ ẹ fi síwájú, nínú ṣọ́ọ̀bù yín, pẹ̀lú ọjà lẹ́yìn yín. Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n fi lógò síbẹ̀, èmi ò fara mọ́ ọn fún oníṣòwò kékeré, ojú èèyàn ni àwa ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ tó fi nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, ẹ yan nọ́ńbà àṣírí oní-mẹ́fà. Ẹ má fojú kéré eléyìí o. Àwọn olè ti ń pe èèyàn pé "ẹ jọ̀ọ́ mà, kóòdù kan ṣèèṣì wọ fóònù yín, ẹ bá mi kà á", bẹ́ ẹ bá ti kà á báyìí wọ́n ti gba WhatsApp yín, wọ́n á wá máa fi orúkọ yín yá owó lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà tẹ́ ẹ ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ. Kóòdù tó bá wọ fóònù yín, ẹ ò gbọ́dọ̀ kà á fún ẹnì kankan, kódà kó jẹ́ ohùn àbúrò yín lẹ̀ ń gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: fọ́tò, ẹ fara balẹ̀ síbí

Ibí lọ̀pọ̀ ọjà ti ń kú. Kọ́sítọ́mà ò lè fọwọ́ kan aṣọ, ojú ẹ̀ ló máa fi fọwọ́ kàn án, torí náà fọ́tò yín gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ gbé aṣọ jáde kúrò lábẹ́ gílóòbù, torí iná pupa inú ṣọ́ọ̀bù máa ń yí àwọ̀ padà, lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ọtí á dà bíi búráùn, funfun á dà bíi kírímù, tẹ́ni náà bá wá gbà á níta gbangba á ní ẹ rẹ́ òun jẹ. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ ló dáa jù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò ti ta sí i ní tààrà. Ẹ má lo fláàṣì fún lẹ́ẹ̀sì, òkúta ara ẹ̀ á máa kọ mànà, èèyàn ò ní rí iṣẹ́ ara ẹ̀. Ẹ ya odindi aṣọ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ wá sún mọ́ ọn, ẹ fi ìka méjì dì í mú kí wọ́n rí bó ṣe nípọn sí. Tó bá jẹ́ àńkárá, ẹ ya etí aṣọ níbi tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí, torí àwọn tó mọ aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó wo òdòdó ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ àdìrẹ, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ síta kẹ́ ẹ ya òun náà, kí wọ́n rí bí aró ṣe wọ inú ẹ̀ tó. Tí àbùkù bá wà lára ẹ̀, ẹ yà á, ẹ sọ ọ́.

Ẹ má lọ gbé fọ́tò ọjà ẹlòmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gbé fọ́tò yẹn sínú Google Lens á rí ibi tó ti wá láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ní bá yín jà, kò kàn ní padà wá mọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ iye ọjà síbẹ̀

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ò ní fẹ́ eléyìí. "Ẹ wá sí inbox fún iye ẹ̀" ti di àṣà, ìdí ẹ̀ sì yé mi: ẹ ò fẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń tajà mọ iye tẹ́ ẹ ń tà á, ẹ tún fẹ́ wo irú ẹni tó ń béèrè kẹ́ ẹ tó dárúkọ owó. Àmọ́ ẹni tó wà nílé ẹ̀ yẹn ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀ mọ́, ó rí ọjà márùn-ún tẹ̀léra, méjì kọ iye síbẹ̀, mẹ́ta ò kọ ọ́, àwọn méjì yẹn ló máa bá sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, òfin wà níbẹ̀: òfin 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye ẹ̀ hàn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gba ju iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà.

Nínàjà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà, Yorùbá ni wá, ẹni tí ò bá ná an lá máa rò pé wọ́n ti yan òun jẹ. Ẹ kọ iye tó sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ máa parí ẹ̀ sí, kẹ́ ẹ wá kọ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé ìdínkù wà fún ẹni tó bá mú méjì tàbí tó mú gèlè mọ́ ọn. Torí pé owó ọjà ń yí lójoojúmọ́, ẹ fi ọjọ́ sí i: "iye yìí dúró títí di Sátidé." Inú Catalog ti WhatsApp Business ni kẹ́ ẹ tò wọ́n sí, fọ́tò, orúkọ, iye, bó ṣe gùn tó, kó lè jẹ́ pé líńkì kan lẹ máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè ohun tẹ́ ẹ ní nílẹ̀. Èyí tó bá tà, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: status

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa status ni pé ẹni tó bá ti tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù ẹ̀, tẹ́yin náà tọ́jú tiẹ̀, nìkan ló lè rí i. Broadcast náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀, ẹni 256 ló gbà lẹ́ẹ̀kan, tí kọ́sítọ́mà ò bá sì tọ́jú nọ́ńbà yín, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá. Ẹ lè máa gbé ọjà síta láti àárọ̀ dalẹ́ kó jẹ́ àwọn ẹbí yín nìkan ló ń rí i. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú nọ́ńbà yín: ẹ kọ ọ́ sára náílọ́ọ̀nù, ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì, nígbà tẹ́ni náà bá ṣì dúró níwájú yín ẹ ní kó bá yín tọ́jú ẹ̀ báyìí báyìí, kẹ́yin náà tọ́jú tiẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ohun tó rà.

Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni status máa ń lò kó tó lọ. Márùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́ ti tó, tí ìlà òkè yẹn bá ti dà bí àmì ìdánudúró kéékèèké lásán, wọ́n á fò yín kọjá. Fídíò yín, ẹ jẹ́ kó kúrú, oṣù kìíní 2025 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fọwọ́ sí i pé káwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, látìgbà yẹn àwọn èèyàn ń ṣọ́ dátà wọn lò. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ òṣèlú síbẹ̀ o, nọ́ńbà ìtajà ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Google Maps

Eléyìí yá kíá, ọ̀fẹ́ sì ni, síbẹ̀ ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ nílùú wa ò sí níbẹ̀. Ẹ wá Google Business Profile, ẹ kọ orúkọ ìtajà, ẹ yan irú òwò yín, ẹ gbé àmì lé ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà gẹ́lẹ́, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ ya fídíò pátákó àti inú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè mọ̀ pé òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlẹ̀ṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí ò mọ ìgboro, ẹni tó wá ṣètọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn Wésílì tó fẹ́ ra aṣọ ìbora, àwọn wọ̀nyí ò mọ ẹni tí wọ́n máa bi, fóònù ni wọ́n máa bi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ lọ pe àwọn tí ò mọ̀ yín

WhatsApp ń tọ́jú ẹni tẹ́ ẹ ti ní. TikTok, Instagram àti Facebook ló lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ò rí yín rí, torí wọ́n máa ń wò ó pé àwọn wo ló dúró wo fídíò tán, wọ́n á wá gbé e fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ sí i. Nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ má fi kíkí bẹ̀rẹ̀, ẹ na aṣọ yẹn síta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó máa kí wọn. Ẹ sọ Ìjẹ̀ṣà níbẹ̀! Ọmọ Obòkun tó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù tó bá gbọ́ ohùn ilé á dúró, á sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ìpolówó tí wọ́n ń sanwó fún lórí Facebook, ẹ kọ́kọ́ wo èyí táwọn èèyàn dá sí lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ohun tẹ́ ẹ ti gbé síta, òun ni kẹ́ ẹ sanwó lé lórí. Níbi àgbègbè, ẹ má yan gbogbo Nàìjíríà, ẹ gbé àmì lé Ìlẹ̀ṣà kẹ́ ẹ wá fẹ̀ ẹ́ jáde. Ifẹ̀ àti Òṣogbo, ìkọ̀ọ̀kan wọn ò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ sí wa, ẹni tó wà níbẹ̀ lè wọ ọkọ̀ wá kó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ yan èyí tó máa gbé èèyàn wọ WhatsApp yín tààrà. Ẹ tún wo àsìkò: oṣù Kejìlá ni ọdún Ìwúdè Ìjẹ̀ṣà máa ń bọ́ sí, àwọn ẹgbẹ́ á máa wá aṣọ, àmọ́ télọ̀ ò lè rán an lálẹ́ ọjọ́ kan, nítorí náà oṣù Kẹwàá ló yẹ kẹ́ ẹ ti máa polówó ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn lóhùn

"Ẹ káàsán mà. Ṣé lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ gbé síta láàárọ̀ ṣì wà?"

"Ẹ káàsán mà, ẹ ṣé gan-an. Ó ṣì wà, yáàdì márùn-ún ló kù. Ṣé kí n gbé e jáde kí n ya fídíò ẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ lè rí àwọ̀ ẹ̀ dáadáa?"

"Ẹ yà á. Àmọ́ ẹ bá mi gbé e wálẹ̀ díẹ̀."

"Mà mi, a ti dín in kù tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mú gèlè mọ́ ọn, mo máa bá yín san owó wébìlì."

Ẹ wo bó ṣe lọ. Ìkíni wà níbẹ̀, ó sọ iye tó kù, òun fúnra ẹ̀ ló ní òun máa ya fídíò, kò sì sọ pé rárá lásán nígbà tí wọ́n ná an. Àwọn tó ń dáhùn pé "Yes" tàbí "Available" nìkan, tí wọn ò kí èèyàn, wọ́n ń lé àgbàlagbà lọ, àwọn àgbàlagbà yìí náà ló sì ń ra aṣọ ẹbí fún ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Màmá tí ò lè tẹ fóònù dáadáa, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn ìdáhùn tẹ́ ẹ máa ń tún sọ lójoojúmọ́, bíi nọ́ńbà àkáǹtì àti àdírẹ́sì, ẹ tọ́jú wọn sínú Quick replies.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: owó

Fọ́tò rìsíìtì tíráńsífà kì í ṣe owó. Alẹ́ẹ̀tì tó wọlé gẹ́gẹ́ bíi tẹ́ẹ̀sì náà ò tíì tó, torí àwọn oníjìbìtì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ẹ̀. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín fúnra yín, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì, ẹ wo orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, tí kò bá tíì sí níbẹ̀ ọjà ò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́tù: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tíì jẹ́ kí n rí i." Ẹni tó sanwó lóòótọ́ á jókòó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ẹ̀ ń fi òun pe olè, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ má sì dá a lóhùn, ẹ di ọjà yín mú.

Ní ti àwọn tó wà lọ́nà jíjìn, nígbà tí Jumia bẹ̀rẹ̀ ní 2012, kí kọ́sítọ́mà sanwó lẹ́yìn tí ọjà bá dé ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n fi fa ojú àwọn èèyàn mọ́ra, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ̀rù yẹn ṣì wà. Ẹni tó ń rà lọ́wọ́ yín fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ gba ìdajì, ẹ ya fídíò ibi tẹ́ ẹ ti ń di ẹrù ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé gáràájì ẹ ya nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú nọ́ńbà dírẹ́bà, kó wá san ìyókù kí ọkọ̀ tó gbéra. Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ẹ̀, ẹ ti sọ ẹni tó máa san owó wébìlì. Tí aṣọ bá dé tí kò rí bẹ́ ẹ ṣe júwe ẹ̀, ẹ gbà á padà, òfin FCCPC tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà lẹ́yìn oníbàárà lórí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: àwìn

Àwa Ìjẹ̀ṣà la ni òṣómàáló. Àwọn bàbá wa ru aṣọ láti abúlé dé abúlé kárí ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n á tà á láwìn, kí àgbẹ̀ máa san án díẹ̀díẹ̀, tọ́jọ́ bá pé tí ò sanwó wọ́n á lóṣòó síwájú ilé ẹ̀ títí owó á fi jáde. Wọ́n mọ ilé oníkálukú, wọ́n mọ bàbá ẹ̀, wọ́n mọ ìgbà tí owó máa ń wọlé fún un. Ẹni tẹ́ ẹ pàdé lórí Instagram, ẹ ò mọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí, nítorí náà ẹ má gbé ọjà fún un láwìn. Ohun tó ṣe é ṣe ni kó máa san án díẹ̀díẹ̀ sọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ bá a tọ́jú aṣọ, kó gbà á tówó bá pé. Ẹ lo Label inú WhatsApp Business fún un, ẹni tó ti san tán àti ẹni tó ṣì ń san, kí wọ́n má bàa dàrú mọ́ra.

Tẹ́nì kan bá wá jẹ yín ní gbèsè, ẹ má gbé fọ́tò ẹ̀ sórí status. Àwọn áàpù tó ń yá èèyàn lówó ló sọ ọ́ dàṣà, wọ́n á kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù onígbèsè, wọ́n á máa kọ̀wé sí àna ẹ̀ àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ ẹ̀ pé olè ni. Ó burú débi pé FCCPC ṣe ìlànà tí wọ́n á máa tẹ̀ lé ní 2022, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni sì jáde ní 2023. Orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì kọ́sítọ́mà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀tọ́ wọn ni kẹ́ ẹ pa á mọ́. Kódà fídíò ẹni tó wá dúpẹ́, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e síta.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rí yín

Ẹ ra ìwé kan, ẹ má dúró de kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹni tó bá ra nǹkan, ẹ bi í pé "níbo lẹ ti rí wa?", ẹ kọ ọ́ síwájú iye tó san: status, TikTok, Google, ọ̀rẹ́ ló júwe wa, ó ń kọjá lọ ni. Tí oṣù bá parí ẹ ṣírò owó tí ìkọ̀ọ̀kan mú wá, kì í ṣe iye àwọn tó tẹ "like". Ó lè jẹ́ pé fídíò tẹ́ ẹ fi gbogbo ọjọ́ Sátidé ṣe ò mú ẹnì kan ṣoṣo wá, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìyá ìjọ ló ń ta ọjà yín. Ẹ gbé àkókò àti dátà yín lọ síbi tí owó ti ń wá, ẹ fún àwọn ìyá ìjọ yẹn ní líńkì Catalog kí wọ́n máa fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ wá tún ṣírò ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.